Omi Bútà Lórí Bíréèkì

Mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wà lọ́wọ́ wa, táyà ẹ̀ fẹ̀, a máa ń gùn ún bí ẹni gẹṣin. Òun la fi ń kó iṣu láti oko wa lẹ́yìn Kumasi wá sí títì, torí ọkọ̀ ò lè débẹ̀. Ìyàwó mi á jókòó sórí iṣu lẹ́yìn mi, á pọn ọmọ, a ó máa sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí kòtò wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Láti títì ló ti ń wọkọ̀ lọ ọjà Asafo.

Nígbà òjò, bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo yọjú wo ibi tóróró ẹ̀ ń gbé, ó ti fà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, wọn ò sì kọ́ wa níbẹ̀ pé òróró ju oríṣi kan lọ. Òróró ẹ́ńjìnnì ló wà nílé, òun ni mo dà sí i.

Bíréèkì le bí òkúta. Mo ń yin ara mi. Ìyàwó mi ò yìn mí. Ó ní kí ló dé tí mò ń fún mọ́tò níná tí kò fẹ́ lọ. Mo ní ẹrù ló wúwo.

Lọ́jọ́ kan, a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ní kí n dúró. Mi ò tíì tẹ bíréèkì, mọ́tò ti dúró fúnra ẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú bútà tá a fi ń ṣe àlùwàlá, ó wọ́n omi sára irin bíréèkì iwájú. Ó dún ṣàà, bí àkàrà tó bọ́ sínú epo.

"Alàájì," ó ní. Mi ò rí Mẹ́kà rí. Bí mo bá fẹ́ pa á ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. "Èmi àtọmọ mi á fẹsẹ̀ rìn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wo ìsàlẹ̀. Èmi náà fẹsẹ̀ rìn.

Fítà kan tó ń tún mọ́tò ṣe wá láti àdúgbò Anloga ní Kumasi, ó tú u síbẹ̀. Rọ́bà tó yọ jáde wú bí búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú tíì. "Wofa, hwɛ," ó fi Twi pè mí ní bọ̀dá, ó ní kí n wò ó. Ó ní òróró mi ló wú u, òun ló jẹ́ kí bíréèkì di irin mú tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Irin á máa gbóná, gbóná, títí ọjọ́ tí n ó tẹ̀ ẹ́ tí kò ní mú nǹkan kan. Mo bi í pé ọjọ́ wo. Ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà.

Ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà, ó da òróró bíréèkì gidi sí i. Ìyàwó mi ní òun ti gbọ́. Síbẹ̀, ká tó sọ̀ kalẹ̀, bútà nìyẹn, táyà kan tẹ̀ lé òmíràn, àwa méjèèjì á máa tẹ́tí bóyá á dún ṣàà.

Láàárọ̀ yìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Òun ní òun gbọ́, táyà ọ̀tún níwájú. Mo ní kó tún wọ́n ọn. Ó wọ́n ọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iṣu kalẹ̀.