Obì Ẹ̀yìnkùlé Ọ̀ṣuntókí

Àwọn ará abúlé wa nítòsí ìlú Glei máa ń sọ pé òjò ló gba igi obì Ọ̀ṣuntókí là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò kì í jí òkú igi. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Togo gba òmìnira ni Fágbénró, ọkọ Ọ̀ṣuntókí, kú. Obìnrin náà fẹ́ dúró lórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ó ti ń gbin ilá àti ata tí ó fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ògúnsanwó, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí í ṣe olórí ẹbí, kò lé e. Ó kàn rán an létí àṣà: ẹni tí igi rẹ̀ bá wà láàyè lórí ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi náà gbọ́dọ̀ la ẹ̀ẹ̀rùn kan já. A kì í ka ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ igi nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀ṣuntókí gbin ọmọ obì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, nítorí omi ìwẹ̀ kì í wọ́n níbẹ̀. Ó rò pé ohun tó yẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò yẹ obì. Àṣìṣe nìyẹn. Kí ọyẹ́ tó mú dáadáa, ewé obì ti pupa rúsúrúsú, etí wọn sì gbẹ bí ohun tí iná rà.

Ògúnsanwó ń kọjá lọ, ó dúró.

“Ìyàwó, ṣé igi ìdáná lò ń bomi rin?”

“Ọkọ mi, ẹ má tíì gbé àdá.”

“N kò gbé àdá. Mo kàn ń wo ibi tí n óo gbin àgbàdo sí.”

Nígbà tí ó lọ tán, Ọ̀ṣuntókí bu erùpẹ̀ ìdí igi náà, ó fọwọ́ ra á. Erùpẹ̀ náà ń yọ̀, òórùn ọṣẹ ni ó sì ń rùn. Ó wá yé e pé omi ìwẹ̀ ló ń pa igi. Ó ní òun yóò ṣí i nípò. Pauline, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta gaàrí lẹ́bàá títì, ní ta ní í ṣí igi nípò nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

“Bó bá kú ńkọ́?”

“Níbi tó wà yìí, ṣé àríyá ló ń ṣe?”

Ní ìrọ̀lẹ́, ó hú u tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó gbìn ín sí àárín ilẹ̀ náà. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòji fún un, ó fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, omi odò ni ó sì ń rọ sí i díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ewé rẹ̀ wọ́.

Ògúnsanwó wá wò ó. “Ìyàwó, o gbìyànjú.”

Ọ̀ṣuntókí fi èékánná họ èèpo igi náà díẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ tutù, ó sì ní àwọ̀ ewé.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. “Ó ṣì ń mí,” ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sí i, ewé tuntun yọ, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Òjò kò tíì rọ̀ rárá nígbà náà. Kí ìyẹn yé wa.

Nígbà tí òjò dé, Ògúnsanwó kó pèrègún tí a fi ń pa ààlà ilẹ̀ wá, ó gbìn ín yí ilẹ̀ náà ká lójú àwọn àgbà ẹbí. Ọ̀ṣuntókí kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó wá wo pèrègún tó kẹ́yìn.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀. Ó ti wọ inú ata mi.”

Ògúnsanwó rẹ́rìn-ín, ó hú u, ó sì tún un gbìn.