Fùláàṣì Tó Kọjú sí Ògiri

Nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti ya ìyá ọkọ mi, kò sí ọ̀kan tí ojú rẹ̀ là. Wọ́n yà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dijú. Wọ́n yà á níbi ìgbéyàwó wa, ó dijú. Nílé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, òkú ni wọ́n máa ń yà tójú rẹ̀ dì, nítorí náà, bí fọ́tò bá ti dé, ìyá á gba tirẹ̀, á fà á ya. Èmi tí mo ń fi fọ́tò yíyà jẹun nílùú yìí, ojú ń tì mí pé kò sí àwòrán ìyá lára ògiri pálọ̀ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ pé jọ, ó gbà kí n ya òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Bí mo bá tún dijú, ìyàwó, kí ẹnikẹ́ni má gbé apareyi wá síwájú mi mọ́. Ẹ dúró dọjọ́ tí mo bá kú.”

Apareyi ni wọ́n ń pe kámẹ́rà lọ́dọ̀ wa, mo sì mọ̀ pé kò ṣeré.

Fùláàṣì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni mo gbójú lé. Kì í ṣe ti inú kámẹ́rà tó ń tàn tààrà sójú èèyàn. Èyí dá dúró, orí kámẹ́rà la ń gbé e lé, ọrùn rẹ̀ sì ń yí: ó lè wòkè, ó lè wo ẹ̀gbẹ́, kódà ó lè wo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo ń dán an wò ni mo wá já àṣírí ojú ìyá. Bí a bá fi fùláàṣì sílẹ̀ kó máa díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń tàn. Ó kọ́kọ́ ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́ láti mọ bí yàrá ṣe rí, kó tó wá tàn ní ti gidi. Ìpéǹpéjú ìyá yára jù. Ti àkọ́kọ́ ló ń bà á lẹ́rù, ìgbà tí èkejì bá fi dé, ó ti dijú. Mo bá fọwọ́ ara mi yan agbára fùláàṣì náà, kó lè tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Pálọ̀ náà kò ní àjà, páànù tó ti dúdú ló wà lókè. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà funfun kun ògiri ẹ̀yìn mi ni. Mo yí ọrùn fùláàṣì sẹ́yìn, kí ìmọ́lẹ̀ lu ògiri kó tó rọra padà sójú ìyá.

Àwọn àna mi ló dúró síwájú ògiri náà, lẹ́yìn mi, tí wọ́n ń wòran. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí fùláàṣì bá kọjú sí ni wọ́n ń yà, ẹni tí wọ́n bá sì ń yà kì í rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti ń tún gèlè ṣe, àbúrò rẹ̀ ti na ọrùn, gbogbo wọn ti fajú ro.

“Ìyàwó, dúró ná, ká sún mọ́ra,” ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí.

Ìyá tẹjú mọ́ wọn. “Ta ló pe ẹ̀yin? Èmi ni wọ́n fẹ́ yà, ẹ̀yin lẹ wá le gbagidi.”

Ẹ̀rín bá pa ìyá. Mo tẹ kámẹ́rà.

Mo wo ojú kámẹ́rà, mo sì fò sókè níwájú àna bí ẹni tí kò ní ìtìjú. Ojú rẹ̀ là rekete, eyín rẹ̀ hàn. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un. Ó wò ó títí, ó sì yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀.

“Ẹ wá wò mí,” ó ní. “Ẹ wá wò mí, mo ń wò yín.”