Àwo Tí Mo Fi Sípíríìtì Nù

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ta sí mi lójú, mo figbe ta, ṣùgbọ́n ìyá ìyá mi, tí a ń pè ní Màmá, kò tilẹ̀ wojú mi. Wọ́n ní ọsàn kì í fọ́ni lójú, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ la fi ń fọ ẹnu gírámófóònù, idẹ fífẹ̀ tí ohùn ń gbà jáde. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ibi tí a bá sì ti fọ̀ ń tàn yanran.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ọlidé Kérésìmesì ni mo wá lò lọ́dọ̀ wọn n'Íjẹ̀bú-Òde. Láti ìgbà tí sipirin tó ń mú àwo gírámófóònù náà yí ti já ló ti wà ní yàrá ẹrù. N kò mọ ohun tó dé tí Màmá fi ní ọdún yẹn ni àwọn fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe l'Áyépé, ó fi sipirin mìíràn sí i, ó ní ìdọ̀tí tó kù dọwọ́ onílé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Màmá fi jókòó tì í. Wọ́n fi kẹrosíìnì fọ ìpẹtà, wọ́n fi sípíríìtì nu irin tó gbé abẹ́rẹ́ dání, wọ́n fi àdín pa pákó rẹ̀. Gbogbo ilé ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, wọn kò sì jẹ́ kí a ṣí fèrèsé nítorí eruku ọyẹ́.

Àwo orin kan ṣoṣo ló kù. Ẹ̀gbọ́n Màmá obìnrin ló dá orin inú rẹ̀, nígbà tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ gbohùn sílẹ̀ l'Ékòó. Orí ìkúnlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n náà kú sí, kò sì ní fọ́tò kankan.

"Bó o bá fẹ́ mọ ẹ̀gbọ́n mi," Màmá wí, "inú àwo yìí ni wọ́n wà."

Wọ́n kìlọ̀ pé aṣọ rírọ̀ nìkan ni a gbọ́dọ̀ fi nù ún. Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ sípàdé ẹgbẹ́ ìyá, mo rí i pé ara àwo náà ti bu funfun, aṣọ gbígbẹ kò sì mú un kúrò. Mo rò ó pé ohun tó fọ irin yóò fọ èyí náà. Mo da sípíríìtì sí àkísà, mo nù ún, dúdú jáde. Inú mi dùn. Mo ṣe bí ìdọ̀tí ni, mo túbọ̀ ń fọwọ́ líle nù ún. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìgbà tí àwọn ilà wẹ́wẹ́ rẹ̀ ń parẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ara àwo gan-an ni mo ń nù kúrò. Ẹ̀rù bà mí. Mo dá a padà sínú páálí rẹ̀, mo lọ fọ ọwọ́ mi títí, dúdú náà kò ṣí.

Nírọ̀lẹ́, Màmá wáìǹdì ẹ̀rọ, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Ariwo ṣàà ló jáde, bí òjò lórí páànù. N kò gbọ́ orin kankan. Bẹ́ẹ̀, Màmá yìí ń gbọ́ ìrìn eku lórí àjà! Wọ́n dijú, wọ́n ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́, ètè wọn ń mì, títí abẹ́rẹ́ fi dé òpin.

"Ohùn wọn kò yí padà," wọ́n wí. "Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, mà."

Wọ́n bu ìkòkorẹ́ fún mi. Kí n tó jẹun, wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ dúdú orí ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò bi mí léèrè ibi tó ti wá. Títí wọ́n fi kú, wọn kò gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ mọ́.

Mo ti di abiyamọ báyìí, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rú mi lójú. Bí wọ́n bá mọ̀, kí ló dé tí wọn kò nà mí? Bí wọn kò bá mọ̀, kí ni wọ́n gbọ́? Bí mo bá rò ó síhìn-ín, mo rò ó sọ́hùn-ún, ibì kan náà ni mo ń bọ́ sí. Àwọn ẹbí sì gbà pé èmi nìkan ló ṣẹ́kù láyé tó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n Màmá yẹn. Bí a bá pàdé, wọ́n á ní kí n sọ bó ṣe rí.

Mo máa ń ní ó dùn.