A Kì Í Bá Ajubọ́ọ̀lù Sọ̀rọ̀

Orrin Pelz ló ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ìlú kékeré kan. Òun ló sì ń fi ẹrẹ̀ odò pa bọ́ọ̀lù tuntun lára kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà yọ̀ lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù, ẹni tó ń jù ú fún alátakò láti fi igi gbá. Òun náà jubọ́ọ̀lù rí, nígbà èwe. Apá já a kulẹ̀. Ìyàwó kú. Pápá ìlú kékeré yẹn, létí odò ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, ló kù fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, foonu ara ògiri dún nínú yàrá aṣọ. Jolene ni, ẹ̀gbọ́n Tavis Redfern. Tavis ló ń jubọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà.

"Bàbá Pelz, ẹ dákun. Ẹ̀mí Màámi ti ń lọ. Ohùn Tavis nìkan ni wọ́n ń bèèrè."

"Jẹ́ n pè é wá, ọmọ mi."

Ó sáré dé ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù jókòó sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

Tavis dá wà ní ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì, aṣọ ìnura lórí. Abala mẹ́sàn-án leré wọn. Keje ti parí, kò sì tíì sí àlejò kan, nínú ẹgbẹ́ kejì, tó rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní èèwọ̀ tirẹ̀. A kì í bá ajubọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀. A kì í tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

"Pelz!" Kóòṣì Hurlbut ni, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí lẹ wá ṣe níbí? Ẹ padà sídìí ọṣẹ yín!"

"Ìyá ẹ̀ ni—"

"Ìyá ta ni? Ẹ má bà á jẹ́ fún wa o. Abala méjì péré!"

Orrin ì bá kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ ẹ. Irú ọjọ́ yìí kò dé ọ̀dọ̀ òun rí. Abala méjì. Kí ni abala méjì?

Ó padà sídìí foonu. "Sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù. Ó ń bọ̀."

Àmọ́ ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì kan wà lọ́dọ̀ àwọn àlejò. Òun náà ń jù ú bí ẹni ń sọ òkò. Òdo sí òdo. Abala kẹsàn-án parí, òdo sí òdo. Foonu tún dún.

"Bàbá, ṣé ó ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀, ọmọ mi."

Kò sí olùborí, wọ́n fi abala kẹwàá kún un. Foonu kò dún mọ́. Níta, igi gbá bọ́ọ̀lù, pápá sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àlejò kan ti gbá bọ́ọ̀lù Tavis fò kọjá ògiri. Ọlọ́wọ́ òsì parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹyọ kan sí òdo, àwọn àlejò ló borí.

Tavis wọlé, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀. "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó kù díẹ̀ ni. Kí ló dé tí ẹ ń wo foonu?"

Orrin sọ fún un.

"Ìgbà wo ni wọ́n pè?"

"Abala keje."

Tavis kò pariwo. "Ẹ ì bá ti pè mí. Eré ni, Bàbá."

"Èèwọ̀..." Orrin na foonu sí i.

Tavis pe ilé. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ti dákẹ́. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Orrin jókòó ti garawa ẹrẹ̀ rẹ̀, ó ń pa bọ́ọ̀lù lára. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì méjì. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀.