Òkúta Ìsàlẹ̀ Òkè Ìdànrè

Mo rántí ìgbà tí ìjì ká òrùlé ilé ìgbẹ̀bí Erínjẹ lọ, láwọn ọdún tí epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n bí ojú. Tísà ni mí níbẹ̀, ìyàwó mi sì lóyún oṣù keje. Bí òjò bá ti ń rọ̀, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ń gbé ọmọ tuntun sí. Alájì kan tó ń ta páànù ní Òde-Ìrèlè ní òun yóò ṣàánú wa, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ làágùn fún un: ẹnikẹ́ni tó bá gun Òkè Ìdànrè dé ṣónṣó, òun á torí rẹ̀ fún ilé ìgbẹ̀bí ní ìdì páànù kan. Kí kálukú mú òkúta bọ̀ láti òkè fún ẹ̀rí. Bí òun bá sì gbọ́ irọ́ kan ṣoṣo, òun ò ní gbé páànù kankan wá. Òkúta ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹyìn ni ọmọdé ibẹ̀ fi ń sọ ẹyẹ lókò, nítorí náà ẹ̀rí náà tó lójú wọn.

Èmi mọ̀ pé òkúta ìsàlẹ̀ kò yàtọ̀ sí tòkè. Ará òkè ni mí, àpáta ló wà lẹ́yìn ilé wa n'Ìgbẹ́tì, mo sì ti fi yangàn títí wọ́n fi ní kí n máa ṣọ́ àwọn yòókù tí a jọ ń lọ gun òkè. Ìfura loògùn àgbà, mo wá ń lò ó ju bí ọjọ́ orí mi ti mọ lọ. Mo fura sí ọ̀gá ilé ìwé wa. Mo fura sí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó ń rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tí mo fura sí jù ni ìyá agbẹ̀bí fúnra rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, làkúrègbé ń bá orúnkún rẹ̀ jà, ó sì di òkèlè pupuru àti ẹja gbígbẹ dání bí ẹni tó ti mọ ibi tí òun máa jókòó sí.

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta kan, ó sọ ọ́ sínú àpò. Níṣojú mi kòrókòró. Inú bí mi gidi, torí ilé ìgbẹ̀bí yẹn ni wọ́n máa bí ọmọ mi sí. Mo pinnu pé iwájú Alájì ni n ó ti tú àṣírí rẹ̀.

Bàtà aláwọ tí mo fi ṣègbéyàwó ni mo wọ̀. N kò tí ì dé ìdajì òkè tí gìgísẹ̀ mi fi bó, tí bàtà ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mo jókòó. Ìyá agbẹ̀bí kọjá lára mi, ó ń fọwọ́ ti orúnkún. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọ̀gá ilé ìwé ní màmá ló kọ́kọ́ dé ṣónṣó. Òkúta méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi èyí tó ṣà nísàlẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

“Ọma mi,” ó ní, “mo ti wo bàtà rẹ kí a tó gbéra. Gba pupuru, jẹun.”

Lọ́jọ́ kejì, Alájì to àwọn òkúta sórí tábìlì, ó kọjú sí mi.

“Tísà, ìwọ lo ṣọ́ wọn. Ṣé orí òkè ni gbogbo wọn ti wá?”

Ìyá agbẹ̀bí ò wo ojú mi.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Alájì,” ni mo wí. “Gbogbo wọn pátá.”

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó mi bímọ, ẹ̀kán kan ò sì kán sí ọmọ lára. Ìyá agbẹ̀bí ló gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò mẹ́nu kan òkúta náà títí ó fi kú. Ọmọ yẹn ti wà nílé ọkọ báyìí. Mo ṣì máa ń fura sí èèyàn, ìwà kì í tán bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọjá ní Erínjẹ, tí mo rí òrùlé náà tó ti dípẹtà, ojú máa ń tì mí, mo sì máa ń wá ibi tí páànù tèmi wà.