Ajá Tó Ń Dúró De Àjẹkù

Ní ọjọ́ kẹta tí oúnjẹ olówó ńlá náà wọlé, Dúródemí ò tíì fẹnu kàn án. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣọ́ ọ. Ó jókòó ti abọ́ náà ní ilé ìdáná, ó na ọrùn, ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ní kó bá àlejò di ẹrù mú. Eṣinṣin kan bà sétí abọ́, ó lé e. Ó tún jókòó.

"Ṣé ó ti jẹ?" ni Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ bi ìyàwó rẹ̀.

"Omi nìkan ló mu," ni ìyàwó rẹ̀ fèsì. "Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, olè kankan ò lè jí oúnjẹ náà."

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́bọ̀ nìyí, ọjọ́ Ẹtì sì ni dókítà dá fún wọn.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ọkùnrin yìí ti ń gé kọ́kọ́rọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan láàárín onígbàjámọ̀ àti àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Bí oníbàárà méjì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní láti fẹ̀yìn rìn jáde kí èkejì tó lè yíjú. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti kúrò nílé: ọkùnrin ń bá wọn kọ́ afárá kiri, obìnrin ń po oògùn ní ìlú mìíràn. Ẹni tó kù tó ń tẹ̀lé e lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ ni Dúródemí, ajá aláwọ̀ ilẹ̀ tí etí rẹ̀ kan nàró tí èkejì dùbúlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń sùn sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé kọ́kọ́rọ́, tí eruku idẹ ń dà sí i lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń bọ̀ nílé nírọ̀lẹ́ tí oòrùn ta sí i, ajá náà á máa dán bí ẹni tó rí já jẹ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bíi ràkúnmí, tó sì ń rù. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà náà jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ń pe Dúródemí ní "Àgbà", ó sì ń pe Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ní "Bàbá Ajá". Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó wọ yàrá, ó padà wá.

"Kíndìnrín rẹ̀ ló ti ń rẹ̀," ló sọ. "Ó lè gbé e fún ọdún mélòó kan sí i tá a bá ràn án lọ́wọ́. Oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún irú wọn wà. Òun nìkan ni kẹ́ ẹ máa fún un. Kò gbọdọ̀ jẹ àjẹkù mọ́ láéláé. Ẹran ilé, iyọ̀, eegun, ẹ gbàgbé wọn."

"Àjẹkù ló ń jẹ láti kékeré, dókítà."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Kó má tiẹ̀ rí yín níbi tẹ́ ẹ ti ń jẹun, torí á máa tọrọ. Ẹ bu tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀."

"Tí kò bá wá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Á jẹ ẹ́. Gbogbo ajá ló ń jẹ ẹ́." Ó dé bírò rẹ̀. "Tó bá di ọjọ́ Ẹtì tí kò tíì jẹ, ẹ gbé e padà wá. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ kì í fẹ́ ebi. A ó wá jókòó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀."

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ mọ ohun tí àwọn dókítà ń pè ní òótọ́ ọ̀rọ̀. 

Ọmọbìnrin rẹ̀ apoògùn ló fi oúnjẹ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, àpò aláwọ̀ wúrà kan tó wúwo bí ọmọ ọdún méjì. Àwòrán ajá kan wà lára rẹ̀, ó dúró lórí òkè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ nírun. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oúnjẹ náà ń tọ́jú kíndìnrín, ó ń mú irun dán, ó ń mú oríkèé rọ̀, ó sì ń mú kí èémí máa ta sánsán. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ajá á jẹ ẹ́.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí, nígbà tí Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ rí i pé abọ́ ṣì kún, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ajá láti lọ béèrè ọgbọ́n. Èèyàn méjì ló bá níwájú obìnrin tó ń tajà: agbẹjọ́rò kan tó gbé ajá funfun kékeré sínú báàgì, àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó fi ajá tirẹ̀ sílé. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Kò tíì parí rẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí.

"Tèmi, láti ìgbà tó ti ń jẹ aláwọ̀ wúrà yẹn, kì í gbó mọ́," ni agbẹjọ́rò sọ.

"Ṣé kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn?" ni awakọ̀ béèrè.

"Ọkàn rẹ̀ ló balẹ̀."

"Ajá tí kì í gbó. Ẹ kúkú ra ìrọ̀rí." Awakọ̀ kọjú sí Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́. "Bàbá, ẹ má dá wọn lóhùn. Ti ẹja ni kẹ́ ẹ rà. Oṣù kan péré ni tèmi fi jẹ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ̀rín ni?"

"Ẹ máa mọ̀ tẹ́ ẹ bá rí i."

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ kì í gba kọ́kọ́rọ́ gbọ́ àfi tó bá ti yí i nínú àgádágodo lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bi obìnrin tó ń tajà pé èwo nínú méjèèjì ló dùn jù. Obìnrin náà ní ìwé fi hàn pé mẹ́sàn-án nínú ajá mẹ́wàá ló fẹ́ràn aláwọ̀ wúrà.

"Kí ló ṣe ẹnì kẹwàá?"

"Wọn ò kọ ìyẹn, Bàbá."

Ó ra ti ẹja, irú èyí tí wọ́n ṣe fún kíndìnrín. Ó délé, ó da èyí tó wà nínú abọ́ nù, ó bu ti ẹja síbẹ̀, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i bí obìnrin náà ṣe ní kó ṣe é. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Dúródemí gbóòórùn rẹ̀, itọ́ ṣẹ́ ní ẹnu rẹ̀, ó sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn ń gbọ̀n díẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, tọkọtaya náà wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹyin lórí bẹ́ẹ̀dì bí àwọn tó jí i. Bí wọ́n ṣe ń jẹun láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn, nítorí àṣẹ dókítà. Ìyàwó jẹun tán, ó fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwo. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé nìyẹn: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò fúnra rẹ̀ ru igbá rẹ̀ délé. Ó wá wo ìyókù náà.

"Ta la wá fi èyí sílẹ̀ fún báyìí?" ló béèrè.

Ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé àwo náà, ó ń lọ dà á nù. Bó ṣe gba iwájú ilé ìdáná kọjá, Dúródemí dìde. Ó fi abọ́ tó ti ń ṣọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé àwo náà, imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ju ìrù. Ebi ń pa á gidigidi.

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ kan tó ti sùn nínú rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá jí.

Wọ́n ti ní ajá kan kí wọ́n tó ní Dúródemí. Ẹnì kan tó rò pé inú ilé oníkọ́kọ́rọ́ ni ẹ̀dà gbogbo kọ́kọ́rọ́ àdúgbò wà ló ju ẹran onímájèlé sí i látorí ògiri. Olè náà ò rí nǹkan kan jí, ṣùgbọ́n ajá kú. Nítorí náà nígbà tí Dúródemí dé, tó ṣì kéré bí bàtà, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí kọ́ ọ: kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohunkóhun tí ará ilé ò bá kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Á gbé oúnjẹ sílẹ̀, ọmọ ajá á sáré sí i, á gbé e kúrò. "Dúró dè mí." Á bù jẹ, á gbé e mì, á ní, "Mo ti yó." Ìgbà yẹn ni ajá tó lè jẹun. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di orúkọ ajá nìyẹn, tí ẹni tó sọ ọ́ sì gbàgbé ìdí rẹ̀, nítorí láti ìgbà náà, àjẹkù ló ń jẹ, àjẹkù kì í sì í wáyé láìjẹ́ pé ẹnì kan ti jẹun.

"Ìyá wọn," ló pe ìyàwó rẹ̀. "Kò kọ̀ ọ́ o. Ó ń retí wa ni."

"Retí wa láti ṣe kí ni?"

Ó wo abọ́ oúnjẹ ẹja náà. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé ojú rẹ̀ débẹ̀.

"Ẹ má wo apá ọ̀dọ̀ mi," ló sọ. "Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ."

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ kọ́kọ́ gbìyànjú ọgbọ́n. Ó bu oúnjẹ náà sínú àwo ara wọn, ó gbé e sórí tábìlì, ó gbé ṣíbí dé ẹnu, ó mi àgbọ̀n. Dúródemí ò wo ọwọ́ rẹ̀, kò sì wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń wò. Kò sí ohun tó gba ibẹ̀ kọjá. Ó wá fi búrẹ́dì pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé ìyẹn mì. Ajá náà sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i.

"Ẹ kọ́ ọ dáadáa," ni ìyàwó rẹ̀ sọ. Ó ti fa àga jókòó, ó káwọ́ sáyà.

Fóònù dún. Ọmọbìnrin wọn ni.

"Bàbá mi, ẹ kú ọ̀sán. Ṣé ó ti jẹ?"

"Ó kù díẹ̀."

"Kí ló kù?"

"Ó ku èmi." Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. "Ṣé nǹkan yìí lè pa èèyàn?"

"Nǹkan wo?"

"Oúnjẹ inú àpò yìí."

"Díẹ̀ nínú rẹ̀ ò lè pa èèyàn. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó mú hóró kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn bí ẹni tó ń wo eyín kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ó jẹ ẹ́. Ó ní òórùn ẹja lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ dà bíi ti páálí tí wọ́n gbé ẹja gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ rárá. Ó gbé e mì, ó ya ẹnu fún ajá.

Dúródemí wo inú ẹnu rẹ̀. Kò mira.

"Ọ̀kan kì í ṣe oúnjẹ," ni ìyàwó rẹ̀ sọ. "Ó ní kẹ́ ẹ jẹun ni, kò ní kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò."

Ó jẹ márùn-ún sí i. Èyí tó kẹ́yìn lẹ̀ mọ́ eyín rẹ̀, ó fi ahọ́n tú u. Ó ti àwo síwájú, ó ní, "Mo ti yó."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà tí ajá fi bo àwo. Ó jẹun bí ẹni tó gba ìdásílẹ̀. Ó lá àwo náà títí tó fi ń rìn kiri lórí ilẹ̀, ó tì í dé ìdí ògiri, ó tún lá a níbẹ̀. Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nu ún. Ó nu ún fún ìgbà pípẹ́. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó lọ bu omi wá fún un láti fi ṣan ẹnu, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, dókítà gbé ajá sórí ìwọ̀n.

"Ó jẹ ẹ́?"

"Gbogbo rẹ̀. Ti ẹja."

"Mo sọ fún yín pé gbogbo ajá ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, Bàbá Ajá, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Títí ayé rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́," ni Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ tún un sọ. "Ọdún mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́ta, mẹ́rin. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó dáa."

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, hóró mẹ́fà mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ dé: ilé ìwé kan tó jìnnà fẹ́ pààrọ̀ àgádágodo gbogbo ilẹ̀kùn wọn, á sì sùn síbẹ̀ ní ọjọ́ méjì. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn, ó wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kó máa lọ, òun ò ní jẹ́ kí ìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó fi ogún ilẹ̀kùn sílẹ̀ láti pe ilé.

"Ìyá wọn, ṣé ó ti jẹ?"

Ìyàwó rẹ̀ ń fi nǹkan kan ta eyín. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀.

"A ti jẹun," ni ìyàwó rẹ̀ sọ.