Fèrè tí Mo Fi Òjé Jó

Òórùn òjé tó ń yọ́ kì í tètè kúrò lára aṣọ. Bí o bá ti ṣiṣẹ́ rí ní Suame Magazine, ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ìwọ náà á mọ̀ ọ́n, bó ṣe máa ń lọ́ mọ́ òórùn ọ́ìlì dúdú àti ti ẹran súyà tí wọ́n ń yan létí títì. Ìdí rédíétọ̀ mọ́tò ni mo ti darúgbó. Èyí tó bá ń jò ni wọ́n máa ń gbé wá, màá fi òjé dí i, màá rì í sínú omi. Bí kò bá ti hó, iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Sáfúrà ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́rin tó kú ni, ọwọ́ mi sì ti ń gbọ̀n. Mo ti ń rò ó pé kí n kó irin iṣẹ́ mi fún Lásísì, tó ń ṣe iná mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù kejì, kí n lọ jókòó sílé ní Asawase.

Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe dé lọ́sàn-án Sátidé, tó gbé fèrè sásófóònù mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Àkósúà lorúkọ rẹ̀. Ó ti ṣubú lórí ọ̀kadà, ọ̀pá idẹ kékeré tó gbé bọ́tìnnì fèrè náà dúró sì ti yọ. Aago mẹ́rin ló máa gun pèpéle níbi àjọ̀dún orin jáàsì, ní pápá kan lẹ́bàá Race Course.

"Agya, ẹ jọ̀ọ́," ó ń pè mí ní bàbá lédè Twi, "wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ idẹ jó."

"Rédíétọ̀ ni mo mọ̀, ọmọ mi."

Lásísì dá sí i: "Kí ni ìyàtọ̀? Bàbá Múnírà, ṣe é fún un jàre, àbí o ti gbó tán ni?"

Mo fi àkísà tútù wé fèrè náà yí ká, kí iná má baà yọ àwọn ọ̀pá tó kù. Lásísì di ọwọ́ mi mú títí ó fi rọlẹ̀, mo sì kán òjé sí i. Fèrè ò ṣeé rì sínú omi wò. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo ní nínú ara mi pé bó bá fi lè yọ lójú gbogbo èèyàn, iṣẹ́ tán lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo kó irin iṣẹ́ sápò, èmi àti Lásísì tẹ̀lé e.

Háà, ọ̀rẹ́ mi, o ò sí níbẹ̀! Gìtá ńlá ń kùn bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kòfí ń fi ìka sáré lórí dùùrù. Wọn á jọ gbé orin, ẹnì kan á fi orin tirẹ̀ yà kúrò, á lọ rìn kiri, àwọn tó kù á máa dúró dè é títí yóò fi padà wálé. N ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ mi ti ń mì kí n tó mọ̀.

Ó kan Àkósúà. Fèrè náà dún, ó mọ́, mo mí kanlẹ̀. Lójijì ló han, ó ya bí aṣọ. Mo fò dìde.

"Ó ti yọ! Àkósúà, dúró! Ó ti ń jò!"

Mo ti dé iwájú pèpéle tàpòtàpò. Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ rò pé orin ló gùn mí. Wọ́n yọ áńkáṣíìfù funfun, wọ́n ń fì í lókè orí mi, bí wọ́n ṣe máa ń yẹ́ ẹni tó bá jó dáadáa sí. Lásísì fa ẹ̀wù mi: "Ṣé orí pèpéle lo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ni?"

Àkósúà rí mi. Ó kọ ẹnu fèrè sí mi, ó tún mú kó ya bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń fojú rẹ́rìn-ín, kó tó wá jẹ́ kó mọ́ gaara. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Òjé mi dúró digbí! Mo pariwo, mo fò sókè, èmi arúgbó, mo já áńkáṣíìfù gbà lọ́wọ́ ìyá kan, mo bá wọn fì í.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tó ń ba ohùn tó dára jẹ́. Ó ní, "Agya, ohùn tó mọ́ nìkan ò lè sọ ohun tó wà nínú èèyàn tán."

N ò kó irin iṣẹ́ fún Lásísì mọ́. Mọ́ńdé tó tẹ̀lé e ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló jù. Láti ìgbà tí Sáfúrà ti lọ, n kì í pẹ́ lórí fóònù pẹ̀lú Múnírà ọmọ wa tó wà ní Tàmálè. "Dáadáa ni mo wà, alhamdulillahi," màá sì gé e, kó má baà gbọ́ ọ bí ohùn mi bá ya. Lójú tèmi, ohun tó bá ti ya ti bàjẹ́. Nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, èmi ni mo pè é. Mo sọ ti fèrè, mo sọ ti áńkáṣíìfù, ó rẹ́rìn-ín títí. Mo wá ní ì bá dùn mọ́ ìyá rẹ̀ láti wà níbẹ̀, ohùn mi sì ya sí méjì. N ò gé fóònù. Òun náà ò gé e.